Ìró Ìyẹ́ Nínú Orin Àbúrò

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, bàtà ni Àbúrò kọ́kọ́ rí. Ìrọ̀lẹ́ ló ti ibi tó lọ dé, ó sì bá bàtà bí ogún lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Aránṣọ, òmíràn dojú bolẹ̀, òmíràn gorí èkejì rẹ̀, bí ìgbà tí àwọn tó bọ́ wọn sílẹ̀ sáré wọlé. Kò gbọ́ ẹkún. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí kì í sinmi láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò gbọ́ ìyẹn náà.

Onídìrí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ilé wọn, ló jáde pàdé rẹ̀. Òòyà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n ti lọ,” ó ní.

“Síbo?”

Onídìrí wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ bi pé síbo. A wá ẹ títí ẹsẹ̀ ń ro wá.”

“Mo lọ ra òwú.”

Kò sí òwú lọ́wọ́ rẹ̀. Onídìrí sì rí i pé kò sí.

Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Àbúrò nígbà tí ìyá tó bí i kú, tí Ìyá Aránṣọ, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀, mú un sọ́dọ̀, tó sì tẹ́ ẹ sórí ẹní kan náà pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀ kan ṣoṣo, tó fi ọdún kan péré jù ú lọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jẹ́ Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò nílé àti lóde. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n mú ọ̀rẹ́ kan mọ́ra, ẹni tí ohùn rẹ̀ wúwo débi pé Ohùn-Ilẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Ẹyẹ Mẹ́ta. Àwọn ọ̀dọ́ mọ orin wọn. Wọ́n ń kọ ọ́ nínú ọkọ̀, wọ́n ń kọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Nígbà náà, orúkọ yẹn dùn létí.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n lọ dùbúlẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀. Nígbà tí Ìyá wọlé lọ jí i ní aago márùn-ún, ó ti tutù. Dókítà kọ nǹkan kan sínú ìwé, kò yé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Ìyá ní kó ṣàlàyé, ó ní àwọn náà kò tíì mọ ohun tó fà á. Ohun tí dókítà kò bá mọ̀, àdúgbò máa ń mọ̀ ọ́n.

Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú, ohùn Ohùn-Ilẹ̀ há. Ó la ẹnu láti kọrin, afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó ti sunkún fún ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ka ẹkún mọ́ ohun tó lè gbẹ ohùn. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ Ìyá ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Aṣọ oníbàárà jóná mọ́ ọn lábẹ́ áyọ̀ọ̀nù, ẹni tó ti ń lọ aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún tí aṣọ kankan kò jóná mọ́ ọn rí. Àbúrò nìkan ni nǹkan ń lọ déédéé fún. Ó ń jáde lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, kò sọ ibi tó ń lọ. Nígbà tó yá, ìròyìn tàn pé ó fẹ́ gbé àwo orin jáde, òun nìkan, láìsí ẹgbẹ́.

“Ẹyẹ mẹ́ta ni wọ́n,” ni Onídìrí wí, ó ń gbá irun nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. “Ọ̀kan kú. Ọ̀kan yadi. Èyí tó kù ń sanra.”

“Àbúrò ò sanra,” ni Ìyá dáhùn.

“Ṣé ara ni mò ń wí ni? Ohùn ẹ̀ ni mò ń sọ. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń kọrin nínú balùwẹ̀? Ìgbà wo ló ní irú ohùn yẹn rí? Ohùn méjì ló wà ní ọ̀fun ọmọ yẹn, Ìyá. Èèyàn kì í ní ohùn méjì àfi tó bá gbé ọ̀kan mì.”

“Ẹnu ẹ yìí ò mọ ìsinmi.”

“Ó ń sinmi, tí mo bá ń jẹun.”

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún dá a dúró, ó ń tẹ́tí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹyẹ kékeré kan gba ojú fèrèsé wọ yàrá iṣẹ́ náà. Ó ń fi ara gbá dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn, ó ń gbá a, ó ń gbá a. Ìyá mú ìgbálẹ̀. Kó tó gbé e sókè, Àbúrò ti wọlé. Ó na ọwọ́ sí ẹyẹ náà pẹ̀lẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó, ó gbé e jáde bí ẹni gbé omi tí kò fẹ́ kó dà. Ẹyẹ náà kò jà. Ìyá dúró síbẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀. Èrò kan tó ti ń lé sẹ́yìn láti ọjọ́ yìí wá fa àga, ó jókòó sí i láyà.

Ọjọ́ Ajé ni rédíò kọ́kọ́ gbé orin Àbúrò sáfẹ́fẹ́. Ohùn-Ilẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù Onídìrí, wọ́n ti di irun rẹ̀ dé àárín. Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà. Olóòtú ní orin náà ti inú àwo àkọ́kọ́ tí Àbúrò ẹgbẹ́ Ẹyẹ Mẹ́ta dá kọ wá. Orin náà bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, gìtá kan, ohùn kan. Ó ń sọ bí àwọn ọmọ méjì ṣe máa ń fi ara pamọ́ fún ara wọn lẹ́yìn ilé, tí ọ̀kan yóò pe èkejì. Ó wá dé ibi ègbè:

“Ẹ̀gbọ́n pè mí, mo jẹ ẹ́.”

Ẹni tó bá kọ́ orin nílé ẹ̀kọ́ ìjọ mọ̀ pé orin a máa fa ọ̀rọ̀ kúrò lójú ibùdó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà lókè, orin a tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Èyí tó yẹ kó wà nílẹ̀, orin a gbé e sókè. Ohun tí Àbúrò kọ sínú ìwé ni “mo jẹ́ ẹ”, mo dá a lóhùn. Ohun tó ti inú rédíò jáde ni ohun tí gbogbo wọn gbọ́.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, níbi tí gìtá ti dákẹ́ díẹ̀, ìró kan wà nísàlẹ̀ pátápátá. Fìrìrì. Ó dákẹ́. Fìrìrì. Ó dákẹ́. Fìrìrì.

Òòyà bọ́ lọ́wọ́ Onídìrí. “Ìyẹ́ nìyẹn! Ẹ gbọ́, ẹyẹ ló ń gbọn ìyẹ́!”

Ohùn-Ilẹ̀ dìde pẹ̀lú ìlàjì orí tí a kò tíì dì, ó wọ ilé lọ bá Àbúrò.

“O jẹ ẹ́, o tún fi kọrin.” Afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, èèyàn ní láti sún mọ́ ọn kó tó gbọ́.

“Mo jẹ́ ẹ ni mo kọ! Mo dá a lóhùn! Ìwọ náà mọ̀ pé orin máa ń yí ọ̀rọ̀ po!”

“Ohun tí o kọ kọ́ la gbọ́. Ohun tó ti ẹnu ẹ jáde la gbọ́. Dá ohùn mi padà.”

“Ṣé inú àpò mi lo ní mo kó o sí ni?”

“Inú ibi tó o kó ti Ẹ̀gbọ́n sí náà ni.”

“Ó tó,” ni Ìyá wí. Ó ti wọlé láìsí ẹni tó mọ̀. Kò wo Ohùn-Ilẹ̀. “Àbúrò, o ní ó pè ẹ́, o dá a lóhùn. Ìgbà wo ló pè ẹ́?”

Àbúrò yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá dí ọ̀nà.

“Lọ́jọ́ tó kú, níbo lo wà?”

“Mo lọ ra òwú, Màámi.”

“Inú òwú ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. Ta ló rán ẹ lówùú?” Ó di etí tábìlì mú. “Ó di alẹ́ ọ̀la. Tó o bá sọ òótọ́ fún mi kílẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ohun yòówù kó jẹ́, ọmọ mi ṣì ni ẹ́. Tí o ò bá sọ ọ́, kó ẹrù ẹ. Mi ò ní lè sùn lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ẹni tó jẹ ọmọ mi.”

Àbúrò kúnlẹ̀. Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dìde. Kò ní ìyá mìíràn láyé yìí, kò sì ní ilé mìíràn. Síbẹ̀, ó dákẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó jáde gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìyá tẹ̀ lé e. Sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rántí gbé e sílẹ̀. Wọ́n kọjá ọ̀dọ̀ afúntáyà, wọ́n kọjá ilé búrẹ́dì, wọ́n yà sí ọ̀nà tóóró kan. Ilé kan wà ní ìparí rẹ̀ tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí gbogbo fèrèsé rẹ̀. Àbúrò wọlé. Ìyá kà dé ọgọ́rùn-ún, òun náà wọlé.

Ọ̀sán gangan ni níta. Nínú ibẹ̀, òru ni. Wọ́n ti lẹ tìmùtìmù mọ́ ògiri láti òkè délẹ̀, ó sì gbé ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ mì. Bẹ́ǹṣì onígi kan wà lẹ́nu ọ̀nà, báàgì Àbúrò wà lórí rẹ̀. Ilẹ̀kùn kejì ṣí díẹ̀. Ìyá gbọ́ ohùn ọkùnrin.

“Orí ẹ̀ la máa kọ́kọ́ gé.”

“Ìrù ẹ̀ ńkọ́?” Ohùn Àbúrò nìyẹn.

“Ìrù ẹ̀ gùn jù. Díẹ̀díẹ̀ la máa pa ìyẹn, títí a ò fi ní gbọ́ ọ mọ́.”

“Èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀ wá ńkọ́?”

“Ìyẹn ò kú o. Mo pa á, mo pa á, ó ṣì ń mí.”

Ìyá ti ilẹ̀kùn. “Ta lẹ fẹ́ pa?”

Ọkùnrin náà fò dìde, àga rẹ̀ ṣubú. Etí Ehoro ni wọ́n ń pè é, nítorí wọ́n ní ó lè gbọ́ abẹ́rẹ́ tó jábọ́ ní òpópónà kejì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gba ohùn àwọn olórin sílẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ tààrà sára sísọ́ọ̀sì.

“Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́! Orin ni! Orí orin là ń gé, ìrù orin là ń gé! Ẹ bá mi gbé irin yẹn sílẹ̀, mo ní ọmọ nílé.”

Ìyá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀.

“Ìró yẹn,” ó ní. “Ìyẹ́ inú orin. Kí ni?”

Etí Ehoro wo Àbúrò. Àbúrò kò gbé ojú sókè. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó fa àga fún Ìyá, ó tẹ nǹkan lórí ẹ̀rọ. Gìtá lọ. Ohùn Àbúrò lọ. Ìró náà nìkan ló kù nínú yàrá náà, ó tóbi, ó sún mọ́ni. Fìrìrì. Fìrìrì. Fìrìrì.

“Mo rò pé eku ni,” ó ní. “Ó pẹ́ tí mo ti ń wá a. Àná tí gbogbo èèyàn ní ẹyẹ ni, mo tún gbọ́ ọ dáadáa.” Ó jáde, ó gbé fóònù rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì onígi nì, ó padà wọlé, ó fi fóònù mìíràn pè é. Igi náà gbọ̀n. Fìrìrì.

Ìyá yíjú sí bẹ́ǹṣì náà.

“A kì í jẹ́ kí olórin mú fóònù wọlé. Wọ́n á pa ohùn ẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ọjọ́bọ̀ la gba orin yìí sílẹ̀, Ìyá. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀rọ yìí kọ ọ́ síbí.”

“Ọjọ́bọ̀ wo?”

Àbúrò ló dáhùn. “Ọjọ́bọ̀ yẹn, Màámi.”

Ó lọ mú fóònù rẹ̀ wá láti inú báàgì tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé e lé Ìyá lọ́wọ́. Orúkọ Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìpè mẹ́ta tí kò sẹ́ni tó gbé e.

“Èmi nìkan ni mò ń ṣe àwo yìí, mi ò sọ fún un. Mo bẹ̀rù kó má lọ dùn ún. Mo ní kí n kọ orin tiẹ̀ tán ná, kí n fi bẹ̀ ẹ́. Mo wà nínú ibí, mò ń kọ ọ́ pé tó bá pè mí màá jẹ́ ẹ. Ó sì ń pè mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò jẹ́ ẹ.”

“Kí ló dé tí o ò sọ ọ́? Tí gbogbo ayé ń pè ẹ́ ní àjẹ́?”

“Ó sàn kí ẹ pè mí bẹ́ẹ̀, Màámi. Àjẹ́ kì í ṣe èmi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí, èmi ni.”

Yàrá náà kò ní ìró kankan rárá. Kò sí afẹ́fẹ́, kò sí ọkọ̀, kò sí adìyẹ. Ìyá rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ara rẹ̀ gbọ́.

“Ó pe èmi náà.”

Àbúrò gbójú sókè.

“Aṣọ àwọn ọmọ iléèwé ni mò ń rán. Mo gbọ́ nǹkan láti yàrá ẹ̀yìn. Mo ní kí n rán an dé etí, màá dìde. Nígbà tí mo rán an dé etí, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Mo bá mú òmíràn.” Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. “Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ẹni tó pa á.”

Àbúrò rìn lórí eékún títí ó fi dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá fi ọwọ́ lé e lórí, ó sì jẹ́ kó wúwo níbẹ̀.

Etí Ehoro wúkọ́. “Ìyá, a lè gba orin náà lọ́tun. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ìró yẹn ò ní sí níbẹ̀ mọ́.”

“Kí o ṣe kí ni? Fi í sílẹ̀.”

Páálí mẹ́fà wà lára ògiri, ìwé tí wọn yóò fi di àwọn àwo náà ló wà nínú wọn. Ìyá fa ọ̀kan yọ. Ó wọ dígí ojú rẹ̀, ó sì kà á láti òkè: ẹni tó kọrin, ẹni tó ta gìtá, ẹni tó gba ohùn sílẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

“Orúkọ ẹ̀ ò sí níbí,” ó ní.

Àbúrò gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tọrọ bíírò lọ́wọ́ Etí Ehoro, ó tẹ́ ìwé náà sórí itan, ó sì kọ ọ́ lábẹ́ orúkọ àwọn yòókù, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé ìwé: Ẹni tó pè, Ẹ̀gbọ́n.

Ìyá kà á. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa páálí àkọ́kọ́ sún mọ́ ara rẹ̀, ó mú ìwé kejì, ó sì na ọwọ́ sí bíírò ọwọ́ Àbúrò.