Ẹni Tó Bá Kọ́kọ́ Kí Ọ

Iṣẹ́olúwa gbé jíìpù dúdú wọ Ìpáò ní Sátidé kan báyìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí àbúrò ìyá ẹ̀ lọ sóko tí kò padà mọ́. Gbogbo ìlú ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀, Fọláhàn, ò gbọ́ ìkankan. Jíìpù ló ń wò.

Ẹ má tíì dá Fọláhàn lẹ́bi o. Ọmọ yẹn ṣiṣẹ́! Ó fín oògùn sí kòkó bàbá ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó gbààwẹ̀, ó tiẹ̀ fún Ọlọ́run ní déètì tí òun gbọ́dọ̀ lówó. Òjò wá dé, kò dá. Kòkó dúdú lórí igi, ó ń jẹrà.

Bàbá ẹ̀, Ògúnrìndé, ní, "A ti ṣe tiwa. Ṣé ìwọ lo ni òjò ni? Èyí tó bá kù, a ó ká a, a ó dúpẹ́."

"Ọpẹ́ yìí náà lẹ dú títí ẹ fi darúgbó sínú ulé alámọ̀! Èmi á kọ́ ulé gidi fún yín kẹ́ ẹ tó kú. Dandan ni."

Ọ̀sán gangan ló gun ọ̀kadà lọ bá Àrẹ̀mú, oníṣègùn tí Iṣẹ́olúwa júwe fún un, nínú igbó lẹ́yìn ìlú Àsin. Oòrùn ń ràn níta o, ṣùgbọ́n nínú yàrá yẹn, èèyàn ò rí ọwọ́ ara ẹ̀. Ilẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Nǹkan kan ń mí nínú ìkòkò. Àrẹ̀mú sín in ní gbẹ́rẹ́ sáhọ́n. Ẹ̀jẹ̀ kán sínú ìkòkò. Nǹkan yẹn lá a. Fọláhàn gbọ́ ọ.

"Ilẹ̀ kì í kọ òkú. Iná kì í kọ epo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kí ọ lọ́la, orí ẹ̀ ò ní lè kọ̀. Ìkòkò á jẹ ẹ́, owó á di tìrẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwọ lo kọ́kọ́ kí èèyàn..." Àrẹ̀mú rẹ́rìn-ín. "Ìkòkò ò mọ oníbàárà."

"Kí n ṣáà má kí èèyàn? Ìyẹn ò le."

"Gbogbo yín lẹ máa ń wí bẹ́ẹ̀."

Fọláhàn ti ro gbogbo ẹ̀. Oyèwọlé adẹ́mu, kò láya, kò bímọ. Ta ló máa wá a? Ní ìdájí, kí bàbá ẹ̀ tó jí, Fọláhàn ti dúró sọ́nà odò tí Oyèwọlé máa ń gbà.

Ẹ wá wo àṣìṣe o. Oyèwọlé ju bàbá Fọláhàn lọ lọ́jọ́ orí! Ní Ìpáò, ta ló rí i rí kí àgbà kọ́kọ́ kí ọmọdé?

Bàbá yẹn dé, ó gbé kèǹgbè ẹmu lọ́wọ́. Ó dúró. Ó ń retí.

"Ọmọ Ògúnrìndé, ṣé kí èmi dọ̀bálẹ̀ fún ọ ni?"

Fọláhàn pẹnu dé pinpin. Ó di igi mú gírígírí.

"Àbí wọ́n ti fi ọ́ jọba tí a ò gbọ́? Bàbá rẹ ò kọ́ ọ báyìí o!"

Àyà ẹ̀ ti kanlẹ̀ kó tó mọ̀. Ẹnu ẹ̀ là fúnra ẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

Ahọ́n ẹ̀ gbiná. Ó fẹ́ dìde, ilẹ̀ ò jẹ́. Ó tiraka, awọ àyà ẹ̀ ń ya, ilẹ̀ tún ń fà á. Eyín ẹ̀ ń já níkọ̀ọ̀kan. Kèǹgbè wúwo lọ́wọ́ Oyèwọlé lójijì. Ó bojú wo inú ẹ̀: owó, tuntun, ó rin fún ẹ̀jẹ̀, eyín èèyàn láàárín ẹ̀. Ó jù ú nù, ó figbe bọnu.

Igbe yẹn ló gbé Ògúnrìndé dé. Ó di ọmọ ẹ̀ mú léjìká.

"Dìde, ọmọ mi. O ti kí wa, ó tó. Dìde."

Ó fà á. Ohun tó gbé sókè ò lójú mọ́. Ojú wà nílẹ̀.

Ó rọra gbé e padà. Lòun náà bá na gbọọrọ sínú ẹrẹ̀, ó gbẹ́nu sétí ọmọ ẹ̀, níbi tí èémí kékeré ṣì ń lọ.

"Fọláhàn. Ta ló ní mo fẹ́ ulé?"

Èémí dúró. Bàbá ṣì ń dúró de èsì.