Àjà Funfun Tí Morákinyọ̀ Kàn fún Àna Rẹ̀

Ẹni tí ìyá ìyàwó ń bọ̀ wá kí, ilé rẹ̀ kì í rójú. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Morákinyọ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan, dúró sí balùwẹ̀ ilé rẹ̀ nítòsí páàkì Mayesbrook nílùú òyìnbó, tó ń wòkè. Àjà ibẹ̀ ti dúdú lójú kan, ó sì wú bí ikùn ẹni tó mu gààrí yó.

"Ṣé abẹ́ ibí yìí ni Mọ̀mí máa jókòó sí wẹ ọmọ?" Olúbùsọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ló béèrè. Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ wọn tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ń sùn léjìká rẹ̀.

"Fọkàn balẹ̀. Màá ti bò ó kí wọ́n tó dé."

A lè fi ẹ̀wù tó ya kí ọ̀rẹ́, a kì í fi kí àna. Morákinyọ̀ lọ ra bọ́ọ̀dù funfun tí wọ́n fi ń ṣe àjà. Kàsímù, aládùúgbò rẹ̀ tó ti ń ṣe káfíńtà láti ogún ọdún, bá a gbé e wọlé. Bí ó ṣe gbójú sókè, ó gbé bọ́ọ̀dù sílẹ̀.

"Àbúrò, omi nìyí. Níbo ló ti ń wá?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Kò kán sílẹ̀ rí."

"Àjà ló ń mu ún. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Pe púlọ́ńbà kó wo páìpù òkè yẹn ná. Má kan tuntun mọ́ ohun tó ti jẹrà."

"Àna mi ń bọ̀ lọ́túnla! Ẹ ò mọ àwọn ará Ìjẹ̀bú."

"Èmi náà fẹ́ Ìjẹ̀bú. Ẹnu wọn mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí wọn ò le ju bọ́ọ̀dù lọ."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dun Morákinyọ̀ dòní.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó kan bọ́ọ̀dù mọ́ àjà àtijọ́, ó kùn ún. Ó funfun báláú. Nígbà tí Mọ̀mí dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n wòkè, wọ́n ní, "Àna mi, balùwẹ̀ yín mọ́ o!" Orí Morákinyọ̀ wú.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Mọ̀mí fi wẹ ọmọ níbẹ̀. Omi gbígbóná, fèrèsé títì kí òtútù má mú ọmọ, ooru omi gba gbogbo ilé. Wọn á na apá rẹ̀, wọn á na ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn á fi òróró pa á lára.

Lọ́jọ́ kẹwàá, wọ́n wẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n gbé e fún ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n padà wọlé láti mú kànìnkànìn. Àjà wó. Tuntun àtàtijọ́ jọ wó pọ̀, tomitomi. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Mọ̀mí kán.

Kàsímù gun àkàbà. Ojú ìsopọ̀ páìpù kan ló ń jò, ẹ̀kán kan lẹ́yìn òmíràn. Igi òkè ti rà.

"Bóo bá fi àjà àtijọ́ sílẹ̀, ìbá ti jò sílẹ̀, ẹ̀ bá sì ti rí i," ló wí. Kò pariwo. "Ìwọ lo fi bọ́ọ̀dù gbé àwo fún omi."

Morákinyọ̀ dọ̀bálẹ̀ níwájú àga tí Mọ̀mí jókòó sí nílé ìwòsàn. Wọn ò bú u.

"Kí ló dé tóò sọ fún mi? Abẹ́ páànù tó ń jò ni ìyá mi ti wẹ Bùsọ́lá. Abọ́ la gbé sí i."

Ní báyìí, àga ni Mọ̀mí ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, báńdéèjì lọ́wọ́, wọ́n ń fẹnu wẹ ọmọ-ọmọ wọn bí Olúbùsọ́lá ṣe ń fọwọ́ wẹ̀ ẹ́: "Na apá rẹ̀. Rọra. Gbé orí rẹ̀." Ọwọ́ tó wà nínú báńdéèjì á máa mira bíi pé òun ló ń wẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń padà sílé. Morákinyọ̀ máa ń gbọ́ ohùn yẹn láti pálọ̀, á sì doríkodò. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ẹ̀yin ará ilé, bí àjà balùwẹ̀ yín bá dúdú tàbí tó wú, ẹ má kan nǹkan bò ó. Ẹ wá orísun omi náà, kí wọ́n tún un ṣe, kí ibẹ̀ sì gbẹ kí ẹ tó ronú bọ́ọ̀dù tuntun. Bó bá ti ń wú, ẹ má jókòó sábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kan iná ibẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé ilé onílé, ẹ kọ̀wé sí onílé, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Àti pé àjà oníkókó-kókó ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 2000 lè ní ohun ìkọ́lé olóró kan tí wọ́n ń pè ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má lu ú, ẹ má ha á, àfi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí àlejò bá sì ń bọ̀, ẹ sọ òótọ́ fún un. Àna tó bá balùwẹ̀ ní títú lè wẹ ọmọ nínú báàfù ní pálọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì pé.