Kò Sí Tanwíjí Nílé Ẹ̀gbọ́n Mi

Òjò òru ti dá, oòrùn sì ti ń ràn, nígbà tí Sàfúrátù mú fóònù rẹ̀ tó jáde láti lọ wo omi ilé onílé. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Aṣọ àǹkárá ló ń tà ní Ẹ̀jìgbò, àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló ti wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Olùṣọ́ Omi. Ẹ̀fọn gan-an ni wọ́n ń ṣọ́. Wọn á wo inú dúrọ́ọ̀mù, inú tánkì, inú táyà tí wọ́n jù sẹ́yìnkùlé. Tanwíjí ni wọ́n ń wá, àwọn kòkòrò tín-ín-rín tó máa ń lọ sókè sódò nínú omi kí wọ́n tó hu ìyẹ́, kí wọ́n sì di ẹ̀fọn. Ibi tí wọ́n bá ti rí i, wọn á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ibi tí kò bá sí náà, wọn á ya á ránṣẹ́.

Bọ́látitó, olùkọ́ yunifásítì tó ń darí iṣẹ́ náà, ló ń kó gbogbo fọ́tò yìí jọ láti Masifa, láti Ara, láti Ọla àti láti inú Ẹ̀jìgbò fúnra rẹ̀. Á fi wọ́n wé bí òjò ṣe rọ̀ tó àti bí ooru ṣe mú tó, kó lè mọ ibi tí àìsàn fẹ́ gbà wọ̀lú kó tó wọ̀ ọ́. Lórí àwòrán ìlú tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ilé tó ní tanwíjí á gba àmì pupa, èyí tí kò ní á gba àmì àwọ̀ ewé. Ibi tí pupa bá pọ̀ sí ni àwọn tó ń bu oògùn sómi máa ń lọ, torí oògùn náà kò lè kárí ìlú.

Ọjọ́ tó kọ́ wọn níṣẹ́ náà, ó ti kìlọ̀ fún wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ojú yín ni kẹ́ ẹ fi wò ó. Ilé tẹ́ ò bá ráyè wọ̀, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò wọ̀ ọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé kò sí tanwíjí níbi tẹ́ ò wò o."

Sàfúrátù gbọ́ ọ yékéyéké. Àmọ́ ilé kan wà tí kì í wọ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bẹ létí ìró rẹ̀ níbi tó so ó mọ́. Ilé Mọ́rúfù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ni. Àbíjáǹ ni Mọ́rúfù ti ń ṣòwò láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó sì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ẹ̀jìgbò ti mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ tán, wọ́n kùn ún, wọ́n tì í pa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ títí onílé á fi dé, tí àwọn áfàá á fi ṣàdúrà, tí wọ́n á fi jẹ, tí wọ́n á fi mu. Ilé tí èèyàn fi òógùn ojú kọ́ lẹ́yìn odi, ta ni kò ní fẹ́ kí òun fúnra òun kọ́kọ́ ṣí i?

Ohun tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Tánkì ńlá kan wà níbẹ̀ tí kò ní ìdérí, pẹ̀lú àwọn dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n fi pọn omi sìmẹ́ǹtì. Gbogbo rẹ̀ ń gba òjò.

Mùtmàínà, ọmọ kan ṣoṣo tí olóògbé ọkọ Sàfúrátù fi sílẹ̀ fún un, ló kọ́kọ́ fura. Abẹ́ ògiri ilé náà ló gbé mọ̀ṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ní ìbòòji.

"Màámi, ẹ̀fọn ibí yìí kì í dúró dalẹ́ o. Ọ̀sán gangan ló ń jẹni. Ẹ wò ó, funfun wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣílẹ̀kùn ká wo ẹ̀yìnkùlé Tọ́ńtọ́n."

Tọ́ńtọ́n ló ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, bí àwọn ará Àbíjáǹ ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n òbí ẹni.

"Kó o lè kó èpè bá mi?" ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. Síbẹ̀, ó pe Mọ́rúfù lórí fóònù.

"Bùọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó ń wá ẹ̀fọn ní ká wo omi ẹ̀yìnkùlé yín."

"Àwọn wo? Jamẹ́! Láéláé!" Ohùn Mọ́rúfù le. "Sàfú, mo ti sọ fún ẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣílé mi títí màá fi dé. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ya á ní fọ́tò káàkiri pé ilé tí Mọ́rúfù kọ́, ẹ̀fọn ló ń gbébẹ̀?"

"Rárá o, Bùọ̀dá."

Lẹ́yìn náà ni Sàfúrátù wá ṣe ohun tó bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó wọ ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀, ó ya dúrọ́ọ̀mù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Kò sí tanwíjí nílé ẹ̀gbọ́n mi. Bó ṣe ń ṣe é lọ ní Sátidé kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n ló bà á, ojú sì ń tì í láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun tóun ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ni òun ò ráyè wọlé.

Láìpẹ́, àdúgbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Bàbá Ògúnrìndé, àgbàlagbà tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán, dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí àti ẹ̀yìn ríro. Obìnrin aládùúgbò kan tẹ̀ lé e. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé ibà lásán ni, òjò ló fà á. Sàfúrátù jókòó ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn tó ń bu oògùn sómi gbé ọkọ̀ wọn kọjá. Wọn ò yà. Àmì àwọ̀ ewé ló wà lórí àdúgbò náà, àdúgbò mìíràn ni wọ́n ń lọ. Ó tẹjú mọ́ wọn títí wọ́n fi bọ́ sí títì, kò sì pè wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ara Mùtmàínà gbóná. Orí ń fọ́ ọ, ẹ̀yìn ń ro ó, ó ń bì. Wọ́n ra oògùn ibà fún un ní kẹ́míìsì láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ balẹ̀, ó jẹun, ó tún padà sídìí mọ̀ṣíìnì rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìrọ̀rùn yẹn ló tàn wọ́n jẹ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ibà náà ti padà tagbáratagbára, ẹyinjú ọmọ náà ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí epo, ohun tó sì ń bì ti dúdú. Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù ńlá kan.

Dókítà Olúwarótìmí gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó wá kọjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ó jọ ibà pọ́njú, yẹ́lò fífà. Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ rí?"

"Ó ní káàdì, Dókítà. Káàdì yẹ́lò rẹ̀ rèé. Òun la fi kọjá ní bọ́dà nígbà tá a lọ ṣe Iléyá ní Àbíjáǹ."

"Mi ò bèèrè káàdì, mà. Ṣé wọ́n gún un lábẹ́rẹ́?"

Sàfúrátù wolẹ̀. "Gáréèjì la ti rà á. Kò sẹ́ni tó mú abẹ́rẹ́ dání."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ẹ fi í ṣe nǹkan bọ́dà, bí ẹni pé ẹ̀fọn ń bèèrè ìwé ìrìnnà. Abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dáàbò bo ọ̀pọ̀ ènìyàn títí ayé, ẹni tó ń rìnrìn àjò àti ẹni tó jókòó sílé. Bí àìsàn náà bá ti wọlé, kò sí oògùn kan tó ń pa á. A ó máa fún un lómi, a ó máa ṣọ́ ọ, a ó sì máa bẹ Ọlọ́run. Ká ní ẹ tètè gbé e wá ni, à bá ti máa ṣọ́ ọ kó tó dé bí ó ṣe dé yìí."

Ìròyìn náà dé etí Bọ́látitó. Ó wá bá Sàfúrátù níwájú wọ́ọ̀dù, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì jókòó tì í.

"Ìyá Mùtmàínà, ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú. Òjò rọ̀ ní àdúgbò yín, ooru mú, èèyàn mẹ́ta ti ṣàìsàn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo fọ́tò tó wá láti àdúgbò yín, kò sí tanwíjí kan ṣoṣo. Ẹ̀fọn kì í ti inú afẹ́fẹ́ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ilé wo lẹ ò wọ̀?"

Sàfúrátù tú etí ìró rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi í lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Dúrọ́ọ̀mù mi ni mò ń yà."

Bọ́látitó àtàwọn Olùṣọ́ Omi lọ ṣí ilé náà lọ́jọ́ yẹn. Kí wọ́n tó dé ìdí tánkì ni ẹ̀fọn ti bò wọ́n. Nígbà tí wọ́n tan iná sínú rẹ̀, ńṣe ni omi náà ń rìn. Tanwíjí ló kún inú rẹ̀ bámúbámú.

Bọ́látitó fọwọ́ kan ara tánkì náà. "Ẹ wo àwọn nǹkan dúdú wínníwínní yìí. Ẹyin ni. Ara tánkì ni ẹ̀fọn ń yé e sí, lókè omi. Bí omi gbẹ, ẹyin náà á dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí òjò bá tún rọ̀, á pa, á di tanwíjí. Dída omi nù nìkan kò tó. Ẹ fi kànìnkànìn fọ ara rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì dé e pinpin. Tanwíjí kì í ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó di ẹ̀fọn."

Mùtmàínà kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá Ògúnrìndé àti obìnrin aládùúgbò náà gbádùn, òun kò gbádùn. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí.

Mọ́rúfù dé láti Àbíjáǹ pẹ̀lú ojú tó wú. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ó dúró lẹ́bàá tánkì tí wọ́n ti dojú rẹ̀ dé, ó sì pe àbúrò rẹ̀.

"Sàfú, kí ló dé tó ò ṣílẹ̀kùn?"

"Ẹ ní kí n má ṣí i, Bùọ̀dá."

Mọ́rúfù jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, àbúrò rẹ̀ náà ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ Mùtmàínà ni àwọn áfàá kọ́kọ́ ṣe nínú pálọ̀ ilé tuntun náà. Kò sí ẹni tó kí onílé kú oríire.

Sàfúrátù ṣì wà lára Olùṣọ́ Omi. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má yọ òun. Bó bá dé ilé tí wọ́n tì pa, tí kò rí kọ́kọ́rọ́, á kọ ọ́ pé òun ò wọ̀ ọ́. Bọ́látitó fi àmì mìíràn sórí àwòrán ìlú fún irú ilé bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé yìí, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ mú ọmọ yín lọ gba abẹ́rẹ́ náà nílé ìwòsàn ìjọba, ẹ má ra káàdì ní gáréèjì. Bí ara bá gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wo omi kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí, ohun tẹ́ ẹ rí gan-an ni kẹ́ ẹ sọ, torí ẹ̀mí aládùúgbò yín wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Bí kọ́kọ́rọ́ ilé ẹnìkan bá sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ lọ ṣí i lónìí, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìnkùlé. Bó bá máa bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Ìbínú a máa rọlẹ̀.