Ọkà Báálì Lọ́wọ́ Hemang

Ẹsẹ̀ ni Jigna fi ti ilẹ̀kùn yàrá ìdánrawò nítorí pé abọ́ thepla gbígbóná tí ìyá rẹ̀ dín gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Òjò ti pa á. Omi ń kán láti orí irun rẹ̀ sórí ìwé eré tó há sí abíyá, ó sì ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀.

“Ẹ má bínú, mo pẹ́,” ló wí. “Ṣùgbọ́n oúnjẹ ò tíì tutù.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Hemang nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó lẹ́yìn tábìlì, ó ń wo ọmọbìnrin náà, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ti tán.

Farida, tó ń darí eré, fọwọ́ gbá a léjìká. “Hemang, dìde, kí o gba abọ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ.”

Àbúrò rẹ̀ ni lóòótọ́, nínú eré. Ilé Lakhani ni wọ́n pe eré náà: ìdílé kan tó ń ta aṣọ ní Belgrave Road, ní Leicester wa níbí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí eré yìí tó dé, bí irú àwa ọmọ Íńdíà bá yọjú lórí tẹlifíṣọ̀n, a ó ṣílẹ̀kùn fún ẹlòmíràn, a ó sọ gbólóhùn kan, a ó bá tiwa lọ. Nígbà tí Ilé Lakhani bẹ̀rẹ̀, bí o bá fẹ́ ra ilá ní Belgrave nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, o ò ní rí ẹni tí yóò tà á fún ọ. Gbogbo wa ti wà nílé, à ń wo ara wa. Àwọn ìyá àgbà sọ àwọn òṣèré náà di ọmọ wọn. Wọ́n á di àdídùn jalebi fún Jigna lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á ní, “Fún ẹ̀gbọ́n ẹ níbẹ̀ o.”

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ní ọdún kejì, wọ́n ṣe ọdún okùn ti oṣù kẹjọ nínú eré, nígbà tí obìnrin máa ń so okùn mọ́ ọwọ́ arákùnrin rẹ̀. Ẹni tí obìnrin bá so ó mọ́ lọ́wọ́ ti di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ayé. Lójú àwọn òǹwòran tó jókòó síbẹ̀, Jigna fi àtíkè pupa kan Hemang níwájú orí, ó gbàdúrà fún un, ó yí okùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí Hemang ṣe gbọ́wọ́ sókè báyìí, okùn já bọ́ sínú àwo àdídùn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí, Farida sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Manjula, ìyá Hemang, gbà á sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń gba gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ dá àbá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da tíì sára.

“Ta lo fẹ́ fẹ́? Jigna tó so okùn mọ́ ẹ lọ́wọ́ lójú gbogbo ayé? Ṣé orí ẹ pé?”

“Eré ni, Màmá.”

“Àdúrà tó gbà níbẹ̀ ńkọ́? Àdúrà eré ni?”

Hemang dákẹ́. Kò sọ fún Jigna náà. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ní ọdún kẹta ni Kunal dé láti London. Ó ga, ó lẹ́wà, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, òun sì ni wọ́n mú pé yóò fẹ́ Jigna nínú eré. Láàárọ̀, yóò gbé kọfí fún un. Lọ́sàn-án, yóò pa á lẹ́rìn-ín. Hemang ń ka ẹ̀rín náà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó ka mọ́kànlá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, Hemang sì ti ń rù lóòótọ́.

“Kí ni Kunal ṣe fún ẹ?” Jigna bi í. “Ò ń wò ó bí ẹni tó jí oúnjẹ ẹ jẹ.”

“Ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù.”

“Èmi ni mò ń rẹ́rìn-ín.”

“Mo gbọ́.”

Jigna wò ó pẹ́. “Hemang, òǹrorò ni ẹ́,” ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ìgbéyàwó inú eré pé. Àlùfáà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n bẹ̀ kí àṣà má baà wọ́. Ó ṣàlàyé fún Hemang pé, “Arákùnrin ìyàwó ló ń bu ọkà báálì àti yánmọtí sí i lọ́wọ́, kí òun àti ọkọ rẹ̀ tó dà á sínú iná. Ìwọ lo fà á fún ọkọ nìyẹn.”

Iná ń jó. Àwọn òǹwòran kún, Manjula wà níwájú. Jigna na àtẹ́lẹwọ́, Kunal gbé tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Hemang bu ọkà, ó na ọwọ́ sókè ọwọ́ wọn, ọwọ́ náà kò sì là.

“Hemang, ọkà!” Farida kígbe. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Kò tún là. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Lẹ́ẹ̀kẹta, Jigna sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “La ọwọ́ ẹ.”

“Mi ò lè là á.”

“Eré ni.”

“Mo mọ̀. Mi ò lè fà ọ́ fún un, Jigna. Kódà nínú eré.”

Ó gbàgbé pé máìkì wà láyà òun. Gbogbo òǹwòran gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà lókè orí wọn. Hemang sá jáde pẹ̀lú ọkà lọ́wọ́.

Láàárín aṣọ eré tí wọ́n fi kọ́ ni Jigna ti bá a.

“Ọdún mẹ́ta,” ló wí. “Gbogbo ènìyàn ń pè ẹ́ ní bọ̀dá. Ṣé èmi pè ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, bí kì í bá ṣe pé máìkì wà?”

Hemang ronú. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Manjula ti dé ẹ̀yìn wọn, ó ń mí hẹlẹ. “O so okùn mọ́ ọn lọ́wọ́! Ojú mi ló ṣe!”

“Mi ò so ó, Màmá. Mo kàn yí i ká ni. Àtàǹpàkò ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe gbé e kúrò, ó já bọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò lè ta kókó.”

Manjula wo ọwọ́ Hemang. “Kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wà nílé,” ló wí níkẹyìn. “Ojú mi á tún ṣe é.”

Hemang padà síwájú iná, ó sì la ọwọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé Farida pariwo: “Àbúrò rẹ ló ń lọ ilé ọkọ o! Sunkún díẹ̀!”

Lọ́jọ́ kejì, Manjula wọ gíláàsì rẹ̀. Ó yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan ojú tẹlifíṣọ̀n. “Ẹ wo ọmọ ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́! Kò ta kókó lóòótọ́.” Ó sì lọ pe ìyá Jigna lórí fóònù.

Ní ìgbà ìrúwé, wọ́n gbé ìyàwó tòótọ́. Ìdajì Belgrave ló wá. Àlùfáà àgbà yẹn náà ló jókòó síwájú iná. Ó wò yíká. “Arákùnrin ìyàwó dà?”

Jigna kò ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, kò sì ní àbúrò. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Kunal ló bọ́ síwájú. Okùn pupa wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, èyí tí Jigna so mọ́ ọn ní oṣù kẹjọ, pẹ̀lú kókó mẹ́ta.

Ó bu ọkà. Ó na ọwọ́ sókè ọwọ́ Jigna àti Hemang. Ọwọ́ kò là.

“Mi ò lè là á,” Kunal wí, ó ń wo òkè.

Ilé wó lẹ́rìn-ín. Ojú Hemang pọ́n, òógùn bò ó lábẹ́ láwàní, ó wo ìkúùkù náà bí ẹni pé ayé òun wà nínú rẹ̀.

“Bọ̀dá Kunal,” ló wí, “ẹ jọ̀ọ́.”

Kunal sì la ọwọ́.