Díìsìkì Ńlá Kì í Ṣe ti Ẹ̀rọ Kékeré

Níbi iṣẹ́ Ràmọ́nù ajórinmọ́rin ní Ìfọ̀nyìn, Àsíátù ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a di irin mú, òun náà ló ń kun ilẹ̀kùn lọ́dà. Ọmọ ajórinmọ́rin ará Àjàṣẹ́ ni Àsíátù. Ìdí irin ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà.

Láyé ìjọba ológun tó pe ara rẹ̀ ní Rẹfolúṣọ̀n, ìyẹn ìyípadà, ni, nígbà tí tọmọdé tàgbà ń pe ara wọn ní kámáráàdì, bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn. Àwọn ará ìlú ti kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tuntun, ó wá ku ilẹ̀kùn onírin. Ọ̀la làwọn aláṣẹ ń bọ̀ wá ṣí i. Irin díẹ̀ ló kù tí Ràmọ́nù fẹ́ gé, ni díìsìkì tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ agérin rẹ̀ bá jẹ tán. Ọjà Ìgóló tí wọ́n ti ń ra òmíràn kò sì tíì pé.

Ibi tí wọ́n ti ń rò ó ni Victorin, olórí ìgbìmọ̀ ìjọba ládùúgbò, ti wọlé. Ó gbé díìsìkì kan dání tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun. Ó ní òun gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ọ̀nà lápá Banigbé.

Ràmọ́nù wò ó. Ihò àárín rẹ̀ bá ẹ̀rọ mu rẹ́gí, àmọ́ irin ìdábòbò tó bo ẹnu ẹ̀rọ kò jẹ́ kó wọlé. Victorin ní kó tú irin náà dànù. Ràmọ́nù mọ̀ pé kò dáa, ṣùgbọ́n ta ni í bá ìjọba jiyàn? Ó tú u, ó de díìsìkì mọ́ ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ ba irin láti gé e.

Àsíátù gbé ọ̀dà sílẹ̀. Ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó pa ẹ̀rọ amúnáwá. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Victorin béèrè ẹni tó pa á.

“Èmi ni,” ni Àsíátù wí. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀: “Bàbá Àmínátù, ẹ tú u kúrò.”

Ó ṣàlàyé pé díìsìkì náà kò bàjẹ́, ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀rọ ńlá kì í yí kíákíá bíi kékeré. Bí ẹ̀rọ kékeré bá ń yí i ju agbára rẹ̀ lọ, yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́, àfọ́kù rẹ̀ yóò sì máa fò bí ọta ìbọn. Bí ojú ọ̀tún bàbá òun ṣe lọ nìyẹn.

Victorin ní sàbótáàjì ni, ó fẹ́ ba iṣẹ́ ìlú jẹ́. Ó ní òun máa pe orúkọ rẹ̀ nípàdé gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá ìjọba.

“Ẹ pè é dáadáa,” ni Àsíátù fèsì. “Ilẹ̀kùn ni ìlú béèrè lọ́wọ́ wa. Ìlú ò béèrè ojú wa.”

Ní ìrọ̀lẹ́, èrò pé síwájú ilé ìgbẹ̀bí fún ìpàdé. Victorin ro ẹjọ́ rẹ̀ tán. Ràmọ́nù rọra sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó kúnlẹ̀ kó bẹ̀bẹ̀. Kò kúnlẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ àti díìsìkì fún Philomène agbẹ̀bí, ó ní kó ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára méjèèjì sétí gbogbo èèyàn.

Philomène kà á. Ẹ̀rọ máa ń yí ní ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan. Díìsìkì kò gbọdọ̀ ju 6,600 lọ.

Kùn-ún, kùn-ún bẹ̀rẹ̀. Philomène ní, “Èmi ni mo máa gbẹ̀bí níbí. Mo lè fi aṣọ bo ẹnu ọ̀nà. Ta ló máa bá Ràmọ́nù wá ojú mìíràn?”

Ràmọ́nù wá dìde. Ó ní, “Mi ò ní í fi gé e. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ pe orúkọ tèmi náà mọ́ ọn.”

Kò sẹ́ni tó pe orúkọ kankan. Lọ́jọ́ kejì, aṣọ ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ béèrè ilẹ̀kùn. Kí Victorin tó la ẹnu, Àsíátù ti dáhùn pé ó ń bọ̀, díìsìkì tó bá ẹ̀rọ mu làwọn ń dúró dè. Ọkùnrin náà ní ó dáa, ó ká aṣọ sókè, ó wọlé.

Nígbà tí ọjà Ìgóló pé, Àsíátù fúnra rẹ̀ ló lọ. Ó yẹ díìsìkì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dá èyí tó sán padà fún ọlọ́jà. Wọ́n parí ilẹ̀kùn, wọ́n gbé e kọ́. Ó pẹ́ kí Victorin tó tún kí i. Èyí kò dí i lọ́wọ́ iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ kékeré gé irin, ẹ má wo ihò díìsìkì nìkan. Ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀: kò gbọdọ̀ kéré sí ti ẹ̀rọ. Bí ihò bá tóbi jù, ẹ má fi ìwé tàbí aṣọ dí i. Àwo irin méjì tó wá pẹ̀lú ẹ̀rọ ni kí ẹ fi dì í mú, kí wọ́n mọ́, kí wọ́n má wọ́. Díìsìkì ìgérin kì í ṣe èyí tí à ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dán irin. Èyí tó bá sán, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ jẹ́ kí tuntun kọ́kọ́ yí lófìfo fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ fi awò bojú, ẹ má sì tú irin ìdábòbò láé, ì báà jẹ́ ọba ló ní kí ẹ tú u.

Ẹni tó bá ń kán yín lójú, ẹ bi í bóyá yóò yá yín ní ojú tirẹ̀.