Aṣọ Ìnura Kan Ṣoṣo

Èmi kì í fi ọ̀rọ̀ ikú ṣeré, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá òótọ́ ni. Ọdún 1956 ló ṣẹlẹ̀, ní ọsibítù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ojúmọmọ sì ni, kì í ṣe òru.

Ìfun ló lọ́ mọ́ Ọládépò nínú ní Ọ̀yọ́. Ràmọ́tà, ìyàwó rẹ̀, ìyá Sàídù, fi lọ́rì gbé e wá, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹfà, egbò náà ti ń gbẹ. Ó mu ẹ̀kọ. Ó tilẹ̀ fi Ràmọ́tà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀kọ ọsibítù dùn ju tirẹ̀ lọ. Inú obìnrin náà dùn dọ́ba. Ọkọ òun ti yè.

Lọ́jọ́ keje, wọ́n gbé Ọládépò lọ sí yàrá mìíràn, nítorí àyè. Láyé ìgbà yẹn, ará ilé aláìsàn ló ń nu ara rẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì Leah máa ń kìlọ̀ pé kí oníkálukú ní abọ́ tirẹ̀ àti aṣọ ìnura tirẹ̀. Ràmọ́tà gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí wo ló máa nu ara ẹnì kan tán, tó máa wá kẹ̀yìn sí aládùúgbò?

Lọ́sàn-án, yàrá náà pa rọ́rọ́. Ọládépò ti sùn. Ràmọ́tà ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn kan lórí bẹ́ẹ̀dì kejì.

"Ìyá ọmọ, bá mi nu ẹ̀yìn."

Bàbá gbígbẹ kan ni, ó kọjú sí ògiri.

"Ẹ kú ìrora, bàbá. Àwọn ará ilé yín ńkọ́?"

"Mi ò lẹ́nì kankan."

Àánú ṣe é. Ó rẹ aṣọ sínú omi kan náà, ó fún omi rẹ̀ kúrò, ó nu ẹ̀yìn bàbá náà. Ẹ̀yìn náà tutù. Nǹkan kan ń rọ̀ lábẹ́ aṣọ, òórùn kan sì gbà á nímú, bí ẹran tó ti ń rà. Ó di imú. Ó ṣan aṣọ náà, ó padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó sì nu ikùn rẹ̀ yí egbò náà ká.

Nọ́ọ̀sì Leah wọlé. "Ìyá Sàídù, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Bàbá yìí ni."

Nọ́ọ̀sì wo bẹ́ẹ̀dì kejì. Irin lásán ni. Wọ́n ti kó tìmùtìmù rẹ̀ síta sínú oòrùn.

"Bàbá ibẹ̀ kú láàárọ̀ àná, Màmá. Egbò ló rà mọ́ wọn lára."

Ràmọ́tà fi aṣọ náà pamọ́ sẹ́yìn. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á. Kò jẹ́wọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara Ọládépò ń jó bí iná. Egbò tó ti ń gbẹ la ẹnu, òórùn yẹn gan-an ló sì ń jáde níbẹ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ títí, àìsàn náà kò gbọ́. Ràmọ́tà bẹ Ọlọ́run. Ó bẹ nọ́ọ̀sì. Ó kúnlẹ̀ síwájú irin òfìfo náà.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ bẹ̀ mí. Ṣé báyìí la ṣe ń san oore?"

Lọ́jọ́ kẹta, Ọládépò yí ojú sí ògiri, ó sì kú. Háà! Ọkùnrin tó ti ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn àbúrò rẹ̀ gbé òkú rẹ̀ sínú lọ́rì. Ràmọ́tà padà wọlé láti kó ẹrù. Obìnrin kan, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la inú àbúrò rẹ̀, lóṣòó ti bẹ́ẹ̀dì tí Ọládépò kú sí. Wọ́n ti ká tìmùtìmù ibẹ̀ kúrò. Obìnrin náà ń nu afẹ́fẹ́, omi sì ń kán sórí irin.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ rọra," lobìnrin náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Wọ́n ní Ràmọ́tà ò ní pẹ́ dé."

Kò sẹ́ni tó sọ orúkọ Ràmọ́tà fún un rí.

Ó yẹ kó já aṣọ náà gbà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí òun bá gbà á, ta ló máa nu ẹ̀yìn ọkọ òun? Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan. Obìnrin náà rẹ aṣọ sínú omi, ó fún omi rẹ̀ kúrò, ó sì yíjú sí àbúrò rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́.