Ọkùnrin Tó Ń Fẹ̀yìn Rìn

Ẹ̀yìn ọkùnrin náà ni Ìbíjọkẹ́ kọ́kọ́ rí. Ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ lórí afárá Akpakpa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, orí rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń gbàdúrà. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń yà fún un, wọ́n sì ń bú u bí wọ́n ti ń kọjá.

Ìbíjọkẹ́ náà ì bá yà, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́fà ló gbé dání, kò sì ríwájú dáadáa. Gbàù! Ìwé fọ́n ká.

“Yéè! Pàdọ́ọ̀, màmúsẹ́ẹ̀lì!”

“Músíè, ojú wo lẹ fi ń rìn?”

“Ẹ má bínú. Bí mo bá ń rí ibi tí mo ti ń bọ̀, orí mi a máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìṣirò kan ló há sí mi lọ́kàn láti àná.”

“Ó wá ti yanjú?”

“Ó kù díẹ̀ kó yanjú, kí n tó wo ojú yín. Mi ò rántí nọ́ńbà kankan mọ́ báyìí.”

Ìbíjọkẹ́ fẹ́ pòṣé, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: obìnrin tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, tó wá dúró ń béèrè ìṣirò lọ́wọ́ ẹni tó kọlù ú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá àfira.

Sébastien Adéoyè ni orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Sakété, olùkọ́ ìṣirò ní ilé ìwé Cadjèhoun. Ilé ìkàwé tó wà nítòsí ibẹ̀ ni Ìbíjọkẹ́ ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ọdún kejì tí Dàhòmì gba òmìnira ni, gbogbo ọ̀dọ́ ló ń kàwé bí ẹni tí wọ́n máa yàn sípò lọ́la. Sébastien yá ìwé kan, ó dá a padà, ó tún yá a. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀mẹta, Ìbíjọkẹ́ ní, “Ìwé náà mà dùn gan-an o.”

“Mi ò mọ̀. Mi ò tíì ṣí i.”

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jọ rìn lọ sílé nírọ̀lẹ́, Ìbíjọkẹ́ ń fiwájú rìn, Sébastien ń fẹ̀yìn rìn, wọ́n kọjú síra wọn. Ìbíjọkẹ́ ló ń sọ fún un pé, “Ọkọ̀ ń bọ̀ o, olówó orí mi, yà sí ọ̀tún.” Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára bí òrí.

Ṣùgbọ́n àwa Nàgó ilẹ̀ Dàhòmì kì í kánjú fọ́mọ fọ́kọ. A ó kọ́kọ́ wádìí: ṣé wọn kì í jalè nílé ọ̀hún, ṣé wọn ò fi àrùn pa mọ́, ṣé kò sí wèrè níbẹ̀. Bàbá Ìbíjọkẹ́, Bàbá Àlàbí, káfíńtà tí gbogbo Akpakpa mọ̀, rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Àìná, lọ sí Sakété. Ilé náà mọ́ kedere. Inú Ìyá Àìná dùn títí ọkọ̀ fi já a sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ afárá, tí ẹnì kan fi ọkọ ìyàwó hàn án. Ló bá sáré wọ ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀.

“Àlàbí, ilé wọn mọ́, ọmọ wọn ni kò pé! Ẹ̀yìn ló fi ń rìn! Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀! Èyí tó wá burú jù, mo kí i, kò dáhùn!”

Bàbá Àlàbí gbé ọ̀bẹ ìfági sílẹ̀. “Mi ò ní fún wèrè lọ́mọ.”

Sébastien gbọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fiwájú rìn bí gbogbo ayé, ó ń kí tọ̀tún tòsì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kíláàsì ló wá ń tún ìṣirò ṣe fún un lójú pátákó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìbíjọkẹ́ dá a dúró lórí afárá.

“Kí ló dé tí ojú rẹ ṣú báyìí?”

“Mò ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń di àna bàbá rẹ.”

“Èwo ni kí èmi wá fẹ́ báyìí? Mi ò mọ ẹni yìí rí. Ẹni tó kọlù mí ni mo fẹ́ràn.” Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n ti jẹun tán lẹ́yìn Máàsì, Ìbíjọkẹ́ ṣí ìwé síwájú bàbá rẹ̀.

“Bàbá, ẹ gbọ́. Akimẹ́dè, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìkì, wọ́n ní ibi tó ti ń wẹ̀ ni òye ti là sí i, ló bá sáré jáde síta níhòòhò. Niútọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbàlejò, wọ́n ní ó lọ gbé ọtí wá, ìṣirò gbà á lọ́kàn, ó gbàgbé àlejò síbẹ̀. Bẹtófìn olórin, wọ́n ní ọgọ́ta wóró kafé géérégé ló ń kà kó tó sè é mu.”

Bàbá Àlàbí pòṣé. “Oníhòòhò, ẹni tó gbàgbé àlejò, ẹni tó ń ka kafé. Kí àwọn bàbá ibẹ̀ máa fún wọn lọ́mọ. Tèmi kọ́.”

Ni ìyá Ìbíjọkẹ́, Yéwándé, bá bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

“Baálé mi, nígbà tí bàbá mi rán èèyàn wá wádìí yín ńkọ́? Wọ́n bá yín ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé etí lé pákó, ẹ ń wí pé, ‘Sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́.’ Bàbá mi ní kò sí èyí tó jọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sunkún! Èmi ni mo sọ fún wọn pé tábìlì tí wèrè náà kàn kì í mì.”

Títí di òní, Bàbá Àlàbí kì í gé igi láìgbé etí lé e. Gbogbo ilé mọ̀, kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí nǹkan kan.

“Pákó ń sọ̀rọ̀,” ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Èyí tó máa là, á sọ fún ọ.”

Ìbíjọkẹ́ kúnlẹ̀. “Bàbá, mo fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n má fẹ́ ẹ, mi ò ní fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n n ò ní lè tan yín pé inú mi dùn.”

Bàbá Àlàbí fà á dìde. Lẹ́yìn náà ló ní, “Sọ fún un kó wá wo àtẹ̀gùn mi lọ́la.”

Àtẹ̀gùn oníyìípo, onítẹ̀sẹ̀ méjìlá, tí fádà máa gùn lọ síbi ìwàásù ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá Àlàbí ti kàn án, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé fádà dé òkè kọjú sí ògiri.

Sébastien dé lọ́jọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí eérún igi. Ó wo àtẹ̀gùn náà yí po, òógùn bò ó. Ó gbé ẹsẹ̀ síwájú, ó dúró.

Bàbá Àlàbí ń wò ó. “Ọmọ mi,” ó wí jẹ́jẹ́, “rìn bí o ṣe ń rìn.”

Sébastien fẹ̀yìn rìn yí àgbàlá po. Ìbíjọkẹ́ ń gbé ayùn àti àga kúrò lọ́nà rẹ̀. Bàbá Àlàbí náà ò lè fara dà á mọ́, ó gbé etí lé pákó tuntun, ó dijú.

“Ìtẹ̀sẹ̀ méjìlá náà tó!” Sébastien kígbe. “Kí ẹ̀gbẹ́ òde ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ìka méjì fẹ̀ sí i, fádà á kọjú síjọ!”

“Pákó yìí á gbà á!” Bàbá Àlàbí náà kígbe.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Àìná wọlé. Ó wo èyí, ó wo tọ̀hún, ó káwọ́ lórí. “Jésù mi! Wọ́n ti di méjì!”

Bàbá Àlàbí dìde, ó mú ọwọ́ Ìbíjọkẹ́, ó fi lé ọwọ́ Sébastien. Sébastien dì í mú, ó wo ojú rẹ̀.

“Ìbíjọkẹ́, ṣé wàá fẹ́ mi?”

“Ṣé ó tún ku ẹni tí wàá bi?” Ìbíjọkẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” Bàbá Àlàbí sọ fún Ìyá Àìná, “ẹ padà sí Sakété lọ́la. Ẹ sọ fún wọn pé a ti wádìí tiwọn tán, a sì fún wọn lọ́mọ. Ṣùgbọ́n kí àwọn náà wá wádìí tiwa o, kí wọ́n má lọ sọ pé a fi wèrè ilé wa pa mọ́ fún wọn.”